Orí Kẹrin: Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó àti Wákàtí Tó Ń Gbà

Láti pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkejà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi kìlómítà 5,000 ni. Bàálù tó bá lọ tààrà máa ń lò tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀, nígbà mìíràn kó dín díẹ̀, nígbà mìíràn kó lé díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ mọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì ń kánjú lè pa ìwé dé níbí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò yìí lóòótọ́, tàbí tó fẹ́ rán ìyá rẹ̀ lọ bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó má tíì dìde. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yẹn kò tó ìdajì àkókò tí ìrìn àjò náà máa gbà. Èyí tó kù ló ń da ètò rú: ojú títì, ìlà níwájú káńtà, aago tó yí padà, pápákọ̀ tí èèyàn yàn láìbèèrè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́ta, iye mẹ́ta lẹ lè gbọ́. Ọ̀kan á ní 5,000, èkejì á ní 3,100, ẹ̀kẹta á ní 2,700. Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Kìlómítà ni ẹni àkọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n, máìlì tí a mọ̀ lójú títì ni ti èkejì, máìlì ojú òkun tí àwọn awakọ̀ òfúrufú ń lò ni ti ẹ̀kẹta. Máìlì ojú títì kan jẹ́ kìlómítà 1.609, ti ojú òkun jẹ́ 1.852. Nítorí náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gba iye yìí gbọ́ lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ọ̀nà yìí rọrùn láti ṣírò ju ọ̀pọ̀ lọ. Ìdí ni pé àríwá ni bàálù fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkejà wà ní bíi dígírì 6.6 sókè ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù. Heathrow wà ní bíi 51.5. Ẹ yọ tìkínní kúrò nínú tìkejì, bíi 45 ló kù. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ bíi kìlómítà 111. Ẹ fi 111 ṣe ìlọ́po 45, ẹ ó rí 4,995. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ìyàtọ̀ ìlú méjèèjì kò pé dígírì mẹ́rin, kò sì fi ohun púpọ̀ kún un. Bó ṣe rí nìyẹn: ó tó ìgbà mẹ́wàá ọ̀nà tí bàálù ń rìn láti Èkó dé Àbújá.

Àwọn tó lọ kàwé nílùú ọba kí òmìnira tó dé mọ ọ̀nà yìí ní ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ ojú omi ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀, ti iléeṣẹ́ Elder Dempster. Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ni àwọn àgbà ṣì máa ń dárúkọ. Láti Èkó dé Liverpool, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi, wọ́n á sì yà ní èbúté bíi Freetown àti Las Palmas. Bàálù kò ṣàìsí nígbà náà o. Láti 1936 ni Imperial Airways ti fa ọ̀nà rẹ̀ gba Khartoum àti Kánò dé Èkó, ṣùgbọ́n ta ló lówó rẹ̀? Lónìí, èèyàn á jẹun alẹ́ ní Èkó, á mu tíì àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, á tún máa ráhùn pé ìjókòó náà há.

Ohun tó wà lábẹ́ yín lójú ọ̀nà

Ẹni tó bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé lójú ọ̀sán á rí i pé ìrìn àjò náà kì í ṣe orí òkun bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bàálù á gbéra ní Ìkejà, á kọrí sí àríwá, á kọjá lórí ìgbẹ́ àti ọ̀dàn fún nǹkan bíi kìlómítà 600 kó tó wọ orílẹ̀-èdè Niger. Niger nìkan á gbà á ní bíi 800. Lẹ́yìn náà ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ jù ní gbogbo Áfíríkà láti ìgbà tí Sudan ti pín sí méjì ní 2011. Láti ibodè rẹ̀ ní gúúsù dé etí òkun rẹ̀ ní àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Èyí ni pé ẹ ó lò ju wákàtí méjì lọ lórí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, yanrìn àti àpáta ni ẹ ó sì máa rí. Bó bá jẹ́ òru, òkùnkùn biribiri ni, iná ìlú kan lè má yọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ sùn.

Òkun Mẹditaréníà kò gbà tó wákàtí kan. Ilẹ̀ Faransé gbà bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á sì ní kí ẹ de ìgbànú yín, kí ẹ gbé àga yín dúró ṣánṣán.

Ibi tí wákàtí kan tó lé gbà lọ

Bàálù ńlá tó ń ná ọ̀nà yìí máa ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan bó bá ti gòkè tán. Ẹ fi 900 pín 5,000: wákàtí márùn-ún àti bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kí ló wá dé tí tíkẹ́ẹ̀tì fi ń sọ mẹ́fà àbọ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé iléeṣẹ́ bàálù kì í ka àkókò láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti sún kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ní Ìkejà ni wọ́n ti ń ka á, títí dìgbà tó bá gúnlẹ̀ pátápátá ní Lọ́ńdọ̀nù. Rírìn rẹ̀ nílẹ̀ wà nínú rẹ̀, dídúró de àyè láti gbéra wà nínú rẹ̀. Ìkejì, kì í sáré 900 nígbà tó bá ń gòkè, kì í sì í sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Heathrow fúnra rẹ̀. Ọ̀nà méjì péré ni bàálù ń bà sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn pápákọ̀ tí èrò pọ̀ sí jù láyé. Bí àyè kò bá tíì sí, wọ́n á ní kí ọkọ̀ máa yí po lójú òfúrufú. Àwọn tó ń ti gúúsù bọ̀, bíi tiwa, sábà máa ń yí po lókè Biggin tàbí Ockham. Bí ẹ bá rí i tí oòrùn ń bọ́ sí fèrèsé ọ̀tún, tó tún bọ́ sí tòsì, tó tún padà sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò sọnù. Ó ń dúró de àyè ni. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú àkókò tí wọ́n kọ fún yín, kí wọ́n lè sọ pé àwọn kò pẹ́.

Atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ dá ọ̀nà yìí láàmú. Atẹ́gùn ńlá tó wà lókè lọ́hùn-ún, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló ń fẹ́. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Atlanta tàbí New York ń dojú kọ ọ́, nígbà tó bá ń bọ̀ ó máa ń tì í lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àlọ sí Amẹ́ríkà fi máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, torí náà àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba.

Ohun tó lè dá a láàmú gan-an ni òṣèlú. Ní oṣù Ògún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfúrufú orílẹ̀-èdè náà pa títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ẹ rántí pé Niger wà ní àárín ọ̀nà wa gbọnran. Bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù ní láti yà bàrá, àkókò gùn sí i, epo tí wọ́n ń jó sì pọ̀ sí i. Ẹni tó fi wákàtí méjì péré sí àárín bàálù kan àti òmíràn lákòókò náà mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Aago

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Àkókò ìgbéra tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú tí ẹ ti ń gbéra. Àkókò ìbalẹ̀ jẹ́ aago ìlú tí ẹ ń lọ. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti Ṣẹẹrẹ dé Ọ̀pẹ. Ti ìlú ọba ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n á tì í síwájú ní wákàtí kan, ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n á dá a padà. Látàrí èyí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Ká ní bàálù gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀, tó sì lo wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ní oṣù Agẹmọ, tíkẹ́ẹ̀tì á sọ pé ó máa bà ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, á bà ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wákàtí márùn-ún àbọ̀ ló gbà. Nígbà tó bá ń padà bọ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ yẹn kan náà, tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, aago méje ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú alẹ́ ni yóò bà ní Èkó, á sì rò pé wákàtí méje àbọ̀ ni. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ pé bàálù ń sáré jù nígbà àlọ torí pé ẹrù inú rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mi ò já a ní koro.

Àǹfààní ńlá wà nínú pé ọ̀nà yìí kọjú sí àríwá. Ìlà tí gbogbo ayé fi ń ka aago gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlà yẹn kan náà ló sì gba Tema ní Gánà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ilé kejì Èkó. Ara yín kò ní mọ̀ pé ẹ kúrò nílé. Oorun á wá nígbà tó yẹ kó wá. Ẹni tó lọ sí Houston ló ń la ojú sílẹ̀ ní aago mẹ́ta òru fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó máa ya ẹni tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu ni oòrùn. Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn máa ń wọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́; ní oṣù Òkúdu, ó máa ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbààwẹ̀ Ramadan, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó yan ọjọ́, ẹ sì bi àáfà yín bí ẹ ṣe máa ṣínu lójú òfúrufú, torí oòrùn tí ẹ ń wò láti òkè kì í tètè wọ̀ bíi ti ẹni tó wà nílẹ̀.

Ọ̀nà tààrà àbí ọ̀nà ẹ̀bùrú

British Airways àti Virgin Atlantic ti ń lọ tààrà sí Heathrow láti Èkó tipẹ́. Air Peace dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Ẹrẹ́nà 2024, Gatwick ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tààrà sábà máa ń wọ́n ju ti ẹni tó máa yà níbì kan lọ, owó tó kù yẹn ló sì ń fa ọ̀pọ̀ lọ sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Mi ò ní kí ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wo àwòrán ayé kí ẹ tó sanwó. Casablanca wà lójú ọ̀nà: láti Èkó dé ibẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 3,200, láti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ bíi 2,100. Àpapọ̀ rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju 5,000 ti ọ̀nà tààrà lọ, bí ẹ ṣe máa pẹ́ tó ní pápákọ̀ Casablanca nìkan ni ọ̀rọ̀. Istanbul fa á gùn dé bíi 7,100. Addis Ababa ńkọ́? Bíi 3,900 ni láti Èkó lọ síbẹ̀, ìlà-oòrùn gbọnran ni ẹ ó sì máa lọ, lẹ́yìn náà bíi 5,900 dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọ̀dọ́ tó lágbára tó sì fẹ́ fi owó pamọ́ lè gbà á. Ìyá àádọ́rin ọdún tí eékún ń dùn kò yẹ kó gbà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín kù tó.

Ẹni tó fẹ́ yà ní Paris, Frankfurt tàbí Amsterdam, kó ṣọ́ra. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Yúróòpù ní kí ọmọ wọn gba físà kó tó lè gba inú pápákọ̀ wọn kọjá, bí kò tilẹ̀ ní jáde síta. Àwọn kan wà tí òfin náà yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gba ti ẹni tó ń tà á fún yín.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan láti Bódìjà ní Ìbàdàn, tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Peckham, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èdè Yorùbá kì í ṣàjèjì lójú pópó. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni. Bàálù rẹ̀ máa gbéra ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́. Ìbàdàn sí Ìkejà kò ju bíi kìlómítà 120 lọ, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa ṣe láàárín Mọ́wẹ́ àti Bẹ́ágà? Kó kúrò nílé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bó bá dé ní aago mẹ́fà, ó dáa. Bó bá dé ní aago méje alẹ́, ó ṣì dáa. Reluwé láti Mọ́níyà, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2021, tún ṣeé gbà, kó sọ̀ ní Agége tó súnmọ́ Ìkejà, kó wọ táksí. Ẹrù ńlá ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́.

Kó wà ní pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra, ó kéré tán. Káńtà máa ń tì ní bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí i nítorí ẹkún. Bàálù á bà ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ti Èkó, èyí tó jẹ́ aago márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlà àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé, dídúró de ẹrù, àwọn aṣọ́bodè tó lè ní kí wọ́n ṣí àpótí: ẹ fún un ní wákàtí kan àbọ̀. Bó bá di ẹran gbígbẹ tàbí wàrà sínú ẹrù rẹ̀, ẹ fi kún un, torí ìlú ọba kò gba ẹran àti wàrà wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á sì gbà á. Heathrow sí Peckham tún tó wákàtí kan àbọ̀. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ló máa wọlé, aago mẹ́sàn-án Èkó. Wákàtí méjìdínlógún ni látìgbà tó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Bódìjà. Èyí tó lò lójú òfúrufú nínú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Ohun tó lè dín in kù jù lọ ni pápákọ̀ tí ó bà sí, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Heathrow wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó tó kìlómítà 23 sí àárín ìlú. Gatwick wà ní gúúsù, ó tó 45. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan á sáré lọ sí Heathrow. Ṣùgbọ́n láti Gatwick, reluwé kan máa gbé yín dé London Bridge ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Peckham kò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Fún ìyá wa yìí, pápákọ̀ tó jìnnà ló súnmọ́ ilé. Ẹni tó ń lọ sí Thamesmead ńkọ́? Kó lọ sí Heathrow láìjanpata, torí reluwé Elizabeth line lọ láti ibẹ̀ dé Abbey Wood, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thamesmead, láìsọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Manchester tàbí Leeds, kó fi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún míì kún ìṣirò rẹ̀, tàbí kó wá bàálù tó lè gbé e sọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ará wa ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀: ẹ má gbà pé Èkó nìkan ni ẹnu ọ̀nà. Bàálù tààrà ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Àbújá náà, ọ̀nà òfúrufú láti ibẹ̀ sì kúrú ju ti Èkó lọ díẹ̀. Ẹni tó máa fi odindi ọjọ́ kan jókòó sínú mọ́tò dé Ìkejà, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ara àti ìjókòó

Wákàtí mẹ́fà kì í ṣe àkókò tó burú jù, ṣùgbọ́n ó ti kọjá mẹ́rin, ibẹ̀ sì ni àwọn dókítà ti ń kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó lójú kan. Ẹ dìde, ẹ rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ mu omi ju ọtí lọ, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ. Afẹ́fẹ́ náà tún fúyẹ́ bí ẹni pé èèyàn wà lórí òkè tó ga ní bíi mítà 2,000. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kó tó rìn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, wọn kì í gbé e.

Àga onítáyà wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e jìnnà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bèèrè fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ó kéré tán. Àwọn ìyá kan wà tí ń bèèrè rẹ̀ nítorí ìlà, tí wọ́n á sì bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n á máa sáré lọ dì mọ́ ọmọ-ọmọ wọn ní kété tí wọ́n bá jáde. Èmi ò bá wọn jà. Kí wọ́n ṣá rántí pé àga náà kò pọ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an lè wà lẹ́yìn.

Bí ọkọ̀ bá pẹ́

Ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run Èkó mọ́lẹ̀ láti Ọ̀pẹ dé Èrèlé. Ní oṣù Èrèlé 2020, àwọn bàálù mélòó kan láti òkèèrè kò rí ilẹ̀ bà ní Ìkejà, Accra ni wọ́n sọ èrò sí. Ọ̀hún náà ní tirẹ̀: eérú òkè oníná kan ní Iceland ti ojú òfúrufú ìlú ọba pa fún bí ọjọ́ mẹ́fà ní oṣù Igbe 2010; iná tó jó ilé iná mànàmáná kan ti Heathrow pa fẹ́rẹ̀ẹ́ odindi ọjọ́ kan ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ẹrẹ́nà 2025. Ẹ má fi ìdánwò, ìgbéyàwó tàbí ìpàdé iṣẹ́ sí ọjọ́ tí ẹ máa bà gan-an. Ẹ fi ọjọ́ kan sí àárín.

Ibí yìí ni iye kìlómítà tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan ti wá di owó. Òfin ìlú ọba sọ pé bí bàálù tó ń lọ síbi tó ju kìlómítà 3,500 lọ bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ kó tó dé, tó sì jẹ́ pé ẹ̀bi iléeṣẹ́ náà ni, wọ́n gbọ́dọ̀ san £520 fún èrò kọ̀ọ̀kan. Bó bá pẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ tí kò tó mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ni. 5,000 ni tiwa, a sì ti kọjá ààlà náà. Ẹni tó gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ yìí, iléeṣẹ́ yòówù kó wọ̀. Ẹni tó gbéra láti Èkó ní in kìkì bó bá wọ ti ìlú ọba tàbí ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọyẹ́, ìjì àti ojú òfúrufú tí ìjọba tì kì í ṣe ẹ̀bi wọn, owó kò sí níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ya àwòrán pátákó tó ń fi àkókò hàn, kí ẹ sì kọ̀wé sí wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í béèrè.

Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fún un ní àkókò ìbalẹ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún un ní nọ́ńbà bàálù yín kó máa tọpa rẹ̀ lórí fóònù, kó sì fi wákàtí kan àbọ̀ kún ìgbà tó bá balẹ̀ kó tó wọ ibi ìgúnlẹ̀. Owó ìgúnlẹ̀ ní Heathrow kì í ṣe kékeré, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń kà á.